Bísímílà Méjì Lórí Oúnjẹ Kan

 

 Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lóṣù yìí kéré lójú. Kò ju ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ìsọmọlórúkọ di ìsìnkú lójú wa, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ní Ọjọ́ Àìkú kan, a péjọ sí Iperindo níbi ìsọmọlórúkọ. Ọ̀kan nínú àwa ọmọ ẹgbẹ́ ni Ọlọ́hun fi ọmọ ta lọ́rẹ. Gbogbo wa ni a wọ ànkó. Àwọn arábìnrin wa ti wà nídìí ààrò láti òru. Ìyá bàbá ọmọ, Àlàájà kan tí ọjọ́ orí wọn ti lé ní 60, jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tẹ̀súbáà wà lọ́wọ́ wọn. Ó ti lé ní ọdún 10 tí Màmá ti ń bá àrùn àtọ̀gbẹ fínra, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà. Abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì ni wọ́n fi ń tọ́jú ara wọn. Ní aago 7 ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n gba abẹ́rẹ́ wọn bí ìṣe wọn, nítorí a ti sọ fún wọn pé aago 8 ni oúnjẹ yóò jáde.

Aago 8 lù, áàfáà tí yóò ṣe wáàsí kò tíì dé láti Iléṣà. Nígbà tí ó dé, wáàsí dùn, ó sì gùn. Nígbà tí aago 10 kọjá díẹ̀, a rí i pé òógùn ti bo Màmá, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú ìyàwó ọmọ wọn, ẹni tí wọ́n fẹ́ràn bí ojú. Ariwo ta. Ẹnì kan ní kí a ka Ayatul-Kursiyyu sínú omi. Ẹlòmíràn ní ọ̀tá ilé ni, pé wọn kò fẹ́ kí ìyá jẹun ọmọ-ọmọ. Ẹnì kẹta sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó gbọ́n jù wá lọ, ó ní, “Ṣúgà Màmá ló ti lọ sókè. Kí ẹnikẹ́ni má fún wọn ní ohun dídùn o!”

Arábìnrin kan tí ó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì wà láàrin wa. Ìbéèrè méjì péré ni ó bèèrè: “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Màmá ti gba abẹ́rẹ́ wọn? Ṣé wọ́n ti jẹun?” Ó tú àpò Màmá, ó bá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ṣúgà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò bá ẹyọ pépà àyẹ̀wò kan. Bàbá tirẹ̀ náà ní àrùn yìí, nítorí náà kì í rìn láìmú ẹ̀rọ àti pépà dání. Ó mú tirẹ̀ jáde, ó gún ìka Màmá. Ẹ̀rọ kọ 41.

Ó po ṣíbí tíì 4 ṣúgà mọ́ omi díẹ̀. Nítorí pé Màmá ṣì lè gbé nǹkan mì, ó rọra fún wọn mu. Ó wo aago. Nígbà tí ìṣẹ́jú 15 pé, ó tún gún ìka: 63. Ó tún fún wọn ní omi ṣúgà. Lẹ́ẹ̀kẹta, 92. Màmá gbójú sókè, wọ́n wò wá títí, wọ́n ní, “Kí ló dé tí ẹ pé bò mí báyìí? Ṣé wọ́n ti sọ ọmọ náà lórúkọ?”

Ẹ̀rín pa wá, omijé sì bọ́ lójú àwọn kan. Lẹ́yìn tí wọ́n jẹun tán ni a tó bi wọ́n léèrè nípa pépà àyẹ̀wò. Oṣù 4 ni ó ti tán lọ́wọ́ wọn. A ní kí ló dé tí wọn kò fi sọ fún wa. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ ń náwó ọmọ tuntun, n kò fẹ́ di ẹrù kún ẹrù. Èmi náà sáà mọ ara mi.”

A wo ara wa. Ànkó wà lọ́rùn gbogbo wa. Owó ànkó ẹnì kan péré nínú wa ìbá ra páálí pépà àyẹ̀wò kan fún ìyá yìí, ṣẹ́ńjì ìbá sì kù.

Ẹ̀yin ará wa, ohun tí a fẹ́ fi ìwé yìí sọ nìyí: ẹni tí ó ń gba ìtọ́jú àtọ̀gbẹ, pàápàá ẹni tí ó ń lo ínsúlíìnì, kí ó wo ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí ó tó jẹun. Ọmọ tí ó bá sì ràn án lọ́wọ́ láti ṣe é, kí ó mọ̀ pé ìjọsìn ni òun ń ṣe.

Kí Ni Àrùn Yìí Ń Ṣe Nínú Ara?

Nígbà tí a bá jẹ iyán, ẹ̀bà, ìrẹsì tàbí búrẹ́dì, inú wa máa ń sọ púpọ̀ nínú rẹ̀ di ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ á sì gbé e káàkiri ara. Ọlọ́hun fi ẹ̀yà kan sí ẹ̀yìn àpò oúnjẹ tí ó ń pèsè ínsúlíìnì. Ínsúlíìnì yìí ni ó ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà kí ó lè wọ inú ẹran ara, kí ó sì di agbára. Lára àwọn kan, ẹ̀yà náà dáṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá, ìgbà èwe ni èyí sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Lára àwọn tí ó pọ̀ jù lọ, ínsúlíìnì ṣì ń jáde, ṣùgbọ́n kò tó, ara kò sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu bí ó ti yẹ. Ṣúgà á wá kún inú ẹ̀jẹ̀, á máa bá ìtọ̀ jáde.

Àwọn baba wa ti ṣàkíyèsí pé èèrà máa ń bo ibi tí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ bá tọ̀ sí. Ibn Sina, oníṣègùn Mùsùlùmí tí ó kú ní 1037, sọ̀rọ̀ nípa àrùn yìí àti ìtọ̀ tí ó ń dùn nínú al-Qanun, ìwé ìṣègùn ńlá rẹ̀. Wọ́n mọ àrùn náà, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó lè dá a dúró fún ọmọdé tí ẹ̀yà ara rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1922, ní ìlú Toronto ní Kánádà, wọ́n fún ọmọdékùnrin kan, Leonard Thompson, ní ínsúlíìnì. Ọmọ tí ikú ti ń wò lójú tún lo ọdún 13 sí i láyé. Àánú Ọlọ́hun ni oògùn náà jẹ́.

Ṣùgbọ́n ínsúlíìnì kò ní ojú. Kò mọ̀ pé wáàsí pẹ́. Kò mọ̀ pé omi ọbẹ̀ kò tíì hó. Bí ó bá ti wọ ara, iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò máa ṣe: yóò máa kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Bí oúnjẹ kò bá wá dí i, ọpọlọ, tí ó gbára lé ṣúgà, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Ohun tí ó ṣe Màmá nìyẹn. Àwọn oògùn oníhóró kan, bíi glibenclamide, lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Metformin nìkan kì í sábà fà á.

Òṣùwọ̀n Ọlọ́hun

Nínú Sura Ar-Rahman, láti àáyà 7 dé 9, Ọlọ́hun sọ fún wa pé Òun gbé sánmà sókè, Òun sì fi òṣùwọ̀n lélẹ̀. Ó kìlọ̀ fún wa kí a má kọjá ààlà nínú òṣùwọ̀n, kí a má sì dín in kù. A máa ń fi àwọn àáyà wọ̀nyí ṣe wáàsí fún àwọn tí ń ta gàárì àti ẹ̀wà lọ́jà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó sọ pé inú ọjà nìkan ni òṣùwọ̀n mọ? Ẹ̀jẹ̀ wa náà ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Bí ṣúgà bá pọ̀ jù níbẹ̀, ìpalára ni. Bí ó bá kéré jù, ewu ni.

Ilẹ̀ wúrà ni Iperindo. Ẹ bi àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà: ǹjẹ́ ẹni tí ń ra wúrà máa ń fi ojú wọ̀n ọ́n? Rárá o. Bí ó tilẹ̀ kéré bí ẹ̀ṣẹ́ iyanrìn, orí òṣùwọ̀n ni yóò gbé e lé. Ǹjẹ́ ẹ̀mí ìyá Mùsùlùmí kan kò níye lórí ju wúrà lọ, tí a fi ń fi ojú lásán wọ̀n ọ́n?

Àwọn kan á ní, “A ti fi ọ̀rọ̀ lé Ọlọ́hun lọ́wọ́.” Òótọ́ ni, kò sì sí ẹni mìíràn tí a lè fi í lé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ará oko tí ó bi Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bóyá kí òun fi ràkúnmí òun sílẹ̀ láìso kí òun sì gbára lé Ọlọ́hun. Ànábì ní kí ó so ó, kí ó sì gbára lé Ọlọ́hun. Wíwo ṣúgà kí a tó jẹun ni okùn ràkúnmí tiwa.

“Mo Mọ Ara Mi”

Gbólóhùn tí Màmá sọ yìí, ẹnu ọ̀pọ̀ aláìsàn ni ó wà. Ẹ jẹ́ kí a fi ìwà pẹ̀lẹ́ sọ fún wọn pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Èkínní, ṣúgà tí ó ga lè ṣe bí ẹni tí kò sí nílé. Ẹni tí tirẹ̀ ti dé 250 lè máa gún iyán kí ó máa rẹ́rìn-ín, kí nǹkan kan má sì dùn ún. Lákòókò kan náà, ṣúgà ń ba ojú jẹ́, ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì ń pa iṣan ẹsẹ̀ débi pé ìṣó á wọ ẹsẹ̀ onítọ̀hún kò ní mọ̀.

Èkejì, ẹni tí ó ti pẹ́ lórí ínsúlíìnì, tí ṣúgà rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀ lemọ́lemọ́, ara rẹ̀ lè jáwọ́ nínú ìkìlọ̀. Kò ní gbọ̀n, kò ní làágùn. Ó kàn máa dákú ni.

Ẹ̀kẹta ni ohun tí ojú wa rí ní Iperindo. Nínú gbogbo wa tí a péjọ, ẹnì kan rí ọ̀tá, ẹnì kan rí ṣúgà tí ó ga, kò sì sí ẹni tí ó rí òótọ́ àfi ẹ̀rọ tí ó kọ 41. Ká ní a tẹ̀ lé ẹni tí ó ní kí a má fún wọn ní ohun dídùn, ìsìnkú ni à bá ṣe lọ́jọ́ náà. Àrùn là ń wò, a kì í wo ikú.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà Ti Kọ́ Ayé Ní Ẹ̀kọ́ Yìí Rí

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé kí a máa wọn ara kí a sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ jẹ́ àṣà àwọn olówó ìlú òkèèrè. Ní 1956, dókítà àwọn ọmọdé kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, David Morley, dé sí Ilé Ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, iṣẹ́ rẹ̀ gbilẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà níbí. Nígbà náà, ọmọ tí ikú ń pa kí ó tó pé ọdún 5 pọ̀ púpọ̀. Ohun tí wọ́n ṣe kò le. Wọ́n ń gbé àwọn ọmọ sórí ìwọ̀n lóòrèkóòrè, wọ́n ń fi àmì sí orí káàdì, wọ́n sì ń fi káàdì náà sọ́wọ́ ìyá ọmọ kí ó máa tọ́jú rẹ̀ nílé. Ọmọ tí ojú rí bí ẹni tí ara rẹ̀ yá, káàdì á tú àṣírí pé kò tóbi sí i mọ́. Wọ́n á tètè wá nǹkan ṣe sí i kí ó tó dùbúlẹ̀ àìsàn. Ọ̀nà sí Ìlera ni ìtumọ̀ orúkọ tí wọ́n pe káàdì náà, ó sì tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè láyé.

Nítorí náà, bí a bá bá káàdì ìwọ̀n ọmọdé pàdé nílé ìwòsàn níbikíbi, kí a rántí àwọn ìyá Ìmẹ̀sí-Ilé. Wọn kò sọ pé “mo mọ ọmọ mi.” Wọ́n mọ̀ ọ́n lóòótọ́, síbẹ̀ wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n. Ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọ ni a ní kí ọmọ ṣe fún ìyá báyìí.

Bí A Ṣe Ń Ṣe É

Ẹ jẹ́ kí a fi ọwọ́ fífọ̀ bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi àlùwàlá ṣáájú ìrun. Ọṣẹ àti omi ni kí a fi fọ̀ ọ́, kí a sì nù ún gbẹ. Ìka tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bó ọsàn tàbí tí ó po tíì lè ní ṣúgà lára, nọ́ńbà tí kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀rọ yóò sì kọ.

Kí a sọ pé Bísímílà, kí a gún ẹ̀gbẹ́ ìka. Kí a má gún àárín rẹ̀ tí a fi ń di nǹkan mú, nítorí ibẹ̀ dùn púpọ̀. Kí a máa pààrọ̀ ìka, kí ọ̀kan má baà di egbò. Abẹ́rẹ́ ìgúnka kì í ṣe ohun àjọlò, kódà láàrin ọkọ àti aya. Àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ àti kòkòrò HIV lè gba ibẹ̀ wọlé. Kí a wo ọjọ́ tí pépà àyẹ̀wò yóò bàjẹ́ lára agolo rẹ̀. Kí a dé agolo náà pa dáadáa, kí a má sì gbé e sínú oòrùn tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò.

Lẹ́yìn náà, kí a kọ ọ́ sínú ìwé: ọjọ́, aago, nọ́ńbà, ohun tí a jẹ àti oògùn tí a lò. Nọ́ńbà tí a kò kọ sílẹ̀ ti sọnù. Nọ́ńbà tí a kọ ni dókítà yóò fi mọ̀ bóyá oògùn pọ̀ jù tàbí ó kéré.

Ẹni tí ó ń gba ínsúlíìnì nítorí oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, kí ó máa wò ó ṣáájú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó ń lo oògùn oníhóró, kí dókítà rẹ̀ sọ iye ìgbà fún un. Bí owó pépà kò bá tó, kí a bi dókítà bóyá a lè máa wò ó ṣáájú oúnjẹ àárọ̀ lónìí, ṣáájú oúnjẹ ọ̀sán lọ́la, ṣáájú oúnjẹ alẹ́ lọ́tùn-únla. Láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, bí ṣúgà ẹni náà ṣe ń rìn á hàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ bá ṣàdédé ń gbọ̀n tàbí tí ó ń sọ ìsọkúsọ, ojú ẹsẹ̀ ni kí a wo tirẹ̀.

Kí Ni Nọ́ńbà Ń Sọ?

Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí kò lóyún, ohun tí àwọn dókítà ń fẹ́ kí a tó jẹun ni láti 80 dé 130. Ní wákàtí 2 lẹ́yìn tí a bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ, wọ́n fẹ́ kí ó wà lábẹ́ 180. Dókítà lè gba arúgbó tàbí ẹni tí àìsàn mìíràn ń ṣe láyè láti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ẹ̀rọ kan ń lo ìṣirò mìíràn tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré, 80 sí 130 yìí ni ó ń kọ ní 4.4 sí 7.2. Kí ẹnikẹ́ni má rí 7 kí ó sì fi ìbẹ̀rù pariwo.

Bí ó bá wà lábẹ́ 70, ìyẹn 3.9 lórí ẹ̀rọ kejì, kí a má gba abẹ́rẹ́. Ṣíbí tíì 3 tàbí 4 ṣúgà nínú omi, tàbí ààbọ̀ kọ́ọ̀pù ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò tí ó ní ṣúgà, ni kí a kọ́kọ́ mu. Kí a dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí a tún un wò. Bí kò bá tíì gòkè, kí a tún un ṣe. Bí ó bá ti gòkè, kí a wá jẹun. Ẹni tí ó bá ti dákú, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu, kí ó má baà gba ọ̀nà ọ̀fun kú. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé e lọ.

Bí nọ́ńbà bá ń ga lójoojúmọ́ kí a tó jẹun, kí a wo ìwé wa. Kí ni a jẹ lálẹ́ àná? Ṣé a gbàgbé oògùn ni? Ṣé ibà ń ṣe wá? Kí a gbé ìwé náà tọ dókítà lọ. Kí ẹnikẹ́ni má dá a ṣe láti sọ abẹ́rẹ́ kan di méjì. Bí ó bá kọjá 300, tí èébì, òùngbẹ líle, inú rírun tàbí mímí hẹlẹhẹlẹ sì bá a rìn, kí a má dúró di ọ̀la.

Nọ́ńbà tí ó ga kò ní kí a febi pa ìyá. Àwa Ìjẹ̀ṣà àti iyán, a mọ ara wa. Òkèlè ni kí ó kéré, kí ẹ̀fọ́ pọ̀ nínú àwo. Ànábì wa ti kọ́ wa pé bí a óò bá kún inú wa, kí ìdá kan jẹ́ ti oúnjẹ, ìdá kan ti omi, kí a fi ìdá kẹta sílẹ̀ fún mímí.

Ewúro dára nínú ọbẹ̀. Àdúrà dára ní gbogbo ìgbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ fún ìyá wa pé kí ó da ínsúlíìnì nù nítorí àgbo tàbí hàntú, ẹ ní kí ó dúró kí a gún ìka wò lójú rẹ̀. Òtítọ́ kì í sá fún òṣùwọ̀n.

Nígbà Àwẹ̀ Ńkọ́?

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ìka gígún ń ba àwẹ̀ jẹ́. Ní 1997, ní ìlú Jeddah, Ìgbìmọ̀ Fíkìhì Àgbáyé ti àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí jókòó lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ka ẹ̀jẹ̀ tí a gbà fún àyẹ̀wò mọ́ àwọn ohun tí kì í ba àwẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi àwẹ̀ bojú.

Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ tí ó sì fẹ́ gba àwẹ̀, kí ó rí dókítà rẹ̀ ní oṣù kan sí mẹ́ta ṣáájú Ràmàdáànì. Bí dókítà bá yọ̀ǹda, kí ó máa wo ṣúgà rẹ̀ ṣáájú sààrì, ní ọ̀sán, ṣáájú ìṣínu, àti nígbàkúùgbà tí ara rẹ̀ kò bá lélẹ̀. Bí ó bá wà lábẹ́ 70 tàbí tí ó kọjá 300, kí ó ṣínu lójú ẹsẹ̀, kódà bí ó ku ìṣẹ́jú 10 kí oòrùn wọ̀. Sura Al-Baqarah, àáyà 184 àti 185, fún aláìsàn ní àyè láti san ọjọ́ mìíràn padà. Àwọn onímọ̀ sì ti ṣàlàyé pé ẹni tí àìsàn rẹ̀ kì í lọ lè máa bọ́ tálákà kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ọlọ́hun sọ níbẹ̀ pé ìrọ̀rùn ni Òun ń fẹ́ fún wa. Ẹni tí ó bá kọ ẹ̀bùn Ọba, kí ó má pè é ní ìgbàgbọ́.

Ẹ̀yin Ọmọ, Ẹ Gbọ́

Nínú Sura Al-Isra, àáyà 23 àti 24, Ọlọ́hun fi ṣíṣe dáadáa sí òbí tẹ̀ lé jíjọ́sìn fún Òun nìkan. Ó mẹ́nu kan ìgbà tí wọ́n bá dàgbà lọ́dọ̀ wa, Ó sì ní kí a má tilẹ̀ ṣíọ̀ sí wọn. A máa ń ka àáyà yìí, ohùn wa á sì máa dùn. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó fi oṣù 4 pa ẹnu mọ́ kí ó má baà ni ọmọ lára, ta ni ó jẹ̀bi? Kì í ṣe òun. Àwa tí a ń dúró kí ó bèèrè ni.

Nítorí náà, ẹgbẹ́ wa ti pinnu nǹkan mẹ́ta. Kí a tó dá owó ànkó fún ayẹyẹ kankan, a óò kọ́kọ́ bèèrè bóyá pépà àyẹ̀wò àwọn òbí wa ti tán. Ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú wa, lọ́kùnrin lóbìnrin, yóò kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ náà, kì í ṣe àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nìkan. A ó sì máa yọ díẹ̀ nínú owó sàárà ọjọ́ Jímọ̀ fún àwọn àgbà tí kò ní ọmọ nítòsí. Ẹ̀yin ẹ̀ka wa gbogbo, ẹ lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ̀yin fúnra yín náà má sì gbàgbé ara yín. Ọ̀dọ́ tí ó ń tọ̀ lemọ́lemọ́, tí òùngbẹ ń gbẹ, tí ó sì ń rù láìnídìí, kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí òbí rẹ̀ ní àrùn yìí.

Láìpẹ́ yìí, a tún yà kí Màmá ní Iperindo. Ọmọ wọn ń múra oúnjẹ alẹ́. Kí àwo tó dé iwájú wọn, ó ti gbé ẹ̀rọ àti ìwé jókòó. Màmá na ìka, wọ́n ní, “Bísímílà.” Ẹ̀rọ kọ 118. Ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀, ó fún wọn ní abẹ́rẹ́, kò sì kúrò níbẹ̀ títí ọbẹ̀ fi dé. Màmá fọwọ́ kan òkèlè àkọ́kọ́, wọ́n tún ní, “Bísímílà.” Wọ́n wá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Bísímílà méjì lórí oúnjẹ kan! Ọmọ yìí fẹ́ kí n pẹ́ láyé ni.”

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí àwọn òbí wa pẹ́ fún wa nínú àlááfíà. Kí Ó wo gbogbo aláìsàn wa sàn. Kí Ó má jẹ́ kí a fi ojú wọn ohun tí Ó ti fún wa ní òṣùwọ̀n rẹ̀. Aamin.